Pípa ẹ́ńjìnnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ́ ni yóò gba owó epo yín là

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí epo ti ń wọ́n sí i, a ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà nílé wa. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa. Bí mo bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí ọ̀kadà máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi náà máa ń gbé ọkọ̀ sí níútírà. Epo lítà méjì-mẹ́ta la ń rà lẹ́ẹ̀kan, a kì í jẹ́ kí táńkì kún. Mẹkáníìkì mi ní òun lè fi jẹ́ẹ̀tì kékeré sí kábúrétọ̀ kí ó má baà máa mu epo mọ́. Síbẹ̀, owó epo wa kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Kí là ń ṣe tí kò dáa? Àbí kí a kúkú ta ọkọ̀, kí a máa gun ọ̀kadà nìkan?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó epo o. Nínú nǹkan mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, kò sí ìkankan tó ń dín owó epo kù débi tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà. Méjì lè fa jàǹbá, ọ̀kan lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, èyí tó kù ń jẹ àkókò yín, ó sì lè jẹ pọ́ǹpù epo mọ́ ọn. Ẹ̀bi yín kọ́. Bí epo bá wọ́n, ibi tí ojú ti ń rí i pé owó ń lọ lọwọ́ kọ́kọ́ máa ń sáré dé: ilé epo, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti ń dún bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí epo ń gbà lọ gan-an kì í hàn síta. Abẹ́ bíréèkì ló wà, a ó sì débẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó ń mu

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ wọn iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jó. Géèjì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò ṣe é gbára lé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìdajì àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ kó tó tán, ìdajì kejì á sì sáré tán, torí pé inú táńkì kò fẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀.

Ẹ rọ táńkì kún títí tí ẹnu pọ́ǹpù á fi já fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má fi ẹ̀kán kan kún un mọ́. Ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹ máa wa ọkọ̀ náà bí ẹ ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀, títí epo á fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá padà sídìí pọ́ǹpù kan náà, kí ẹ tún rọ ọ́ dé ibi tó ti já. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọkọ̀ jó nínú ìrìn yẹn. Ká ní ó rin kìlómítà 420, tí ó sì gba lítà 33.6: ẹ fi 33.6 pín 420, yóò fún yín ní 12.5. Ìyẹn ni pé lítà kan ń gbé e rin kìlómítà 12.5. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gba iye náà gbọ́, torí ìgbà kan ṣoṣo lè bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ pọ̀ jù.

Ti ọ̀kadà gba ìṣọ́ra díẹ̀ sí i. Bí ó bá fì sórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́, epo inú táńkì á fì pẹ̀lú rẹ̀, iye tí ẹ rò pé ó kún á sì parọ́ fún yín. Ẹ gbé e nàró lórí ẹsẹ̀ àárín, kí ẹ rọ epo dé ìsàlẹ̀ ọrùn táńkì. Kò gbọdọ̀ wọ inú ọrùn náà, nítorí epo máa ń wú bí oòrùn bá pa á. Ọ̀kadà 100 sí 125 cc tí ara rẹ̀ yá sábà máa ń rin kìlómítà 40 sí 55 lórí lítà kan, bí ẹrù àti òkè kò bá pọ̀ jù. Bí tiyín bá ń rin 28, àìsàn ló ń ṣe é, kò sì sí ọgbọ́n ìgùn tó lè wò ó sàn. Bí ó bá ń rin 45, ọwọ́ yín àti ojú ọ̀nà ló kù tí ẹ máa bá wí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọkọ̀ tó ń lo ínjẹ́kítọ̀, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì dípò kábúrétọ̀, ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á. Bí ìyàwó yín bá gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá lórí iná, ìyẹn pẹ́dà tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, tí ọkọ̀ sì wà nínú jíà, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì lákòókò náà. Kọ̀ǹpútà á wá ti epo pa, kò ní ṣí i padà títí ìyípo ẹ́ńjìnnì á fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1,200 sí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Epo tó ń jó nígbà yẹn, òdo ni. Ẹ wá gbé e sí níútírà, táyà ti já ọwọ́ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nìyẹn. Epo tuntun ni yóò fi máa mí. Nítorí náà, níútírà tí ìyàwó yín ń lò láti fi tọ́jú epo ló ń mú kí ọkọ̀ jẹ èyí tí kì bá jẹ.

Ti ọ̀kadà oníkábúrétọ̀ yàtọ̀, torí kò ní kọ̀ǹpútà tó ń ti epo pa. Pípa ẹ́ńjìnnì ń fi epo díẹ̀ pamọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí díẹ̀ náà ṣe tó. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà lójú kan láìrìn máa ń jó nǹkan bíi lítà 0.6 sí 1 ní wákàtí kan. Ká fi í sí 0.8: ìṣẹ́jú kan jẹ́ mílílítà 13. Kò kún ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ́ńjìnnì 125 cc kò sún mọ́ ìyẹn rárá.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ fi ń gba ìwọ̀nba epo yẹn. Bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọ̀kadà ṣì wà nínú jíà, písítìnì kò dẹ́kun àtimáa fa epo láti inú kábúrétọ̀. Pílọ́ọ̀gì ni kò ṣáná mọ́. Epo tí kò jó yẹn á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ìyókù á lọ kó jọ sínú sàléńsà. Ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ padà nísàlẹ̀ òkè, ó dún gbàù. Bí ẹ bá sì fi sí níútírà kí ẹ tó pa á, ẹ́ńjìnnì kò bá yín dá a dúró mọ́, bíréèkì nìkan ló kù, bíréèkì tó bá sì gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kì í mú mọ́. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, iná iwájú máa ń kú pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ lórí ẹni tó ń ṣe é lálẹ́.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ́nìkan fẹ́ pa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfà afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ló ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìrànlọ́wọ́ tó ṣẹ́ kù lè tó ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà pẹ́dà á le bí òkúta. Sítíárìnì á wúwo. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó lè tì pa pátápátá. Nínú ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì, pọ́ǹpù tó ń fi ọ́ìlì ra jíà lára ń dúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, jíà á sì máa yí gbígbẹ.

Abẹ́ bíréèkì

Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,200 kg kò lè dé orí eré 60 km/h láì jó bíi mílílítà 20 epo kún èyí tí atẹ́gùn àti ojú ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Epo yẹn kò tíì ṣòfò o. Ó ti di eré tó wà lára ọkọ̀, ó sì lè gbé e lọ jìnnà. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ fi dúró ni mílílítà 20 náà di ooru lára irin, tí atẹ́gùn gbé e lọ. Ẹ óò tún jó òmíràn kí ẹ tó padà sórí 60. Ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ nígbà 30 lójúmọ́ ti fi mílílítà 600 gbóná irin lásán. Bó bá jẹ́ láti orí 30 km/h ni, mílílítà 5 péré ni ìdúró kan ń ná yín, torí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ fi í wé ṣíbí kan ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ìdúró kan ṣoṣo tí ẹ lè yẹra fún láti orí 60 ti ju ohun tí pípa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan lè fún yín lọ.

Báwo lẹ ṣe máa yẹra fún un? Ojú ló ń ṣe é ṣáájú ẹsẹ̀. Ẹ máa wo iwájú dé ibi tí ẹ máa dé ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Lórí eré 50 km/h, ìyẹn tó mítà 140 sí 200. Bí ẹ bá rí iná pupa, ọkọ̀ tó fẹ́ yà, tàbí ihò ńlá níbẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ọkọ̀ wà nínú jíà, kí ó máa yí bọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná á ti padà sí aláwọ̀ ewé kí ẹ tó débẹ̀, eré 25 lẹ ó sì fi kọjá dípò òdo. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ẹ fi àyè ọkọ̀ kan tàbí méjì sílẹ̀ níwájú kí ẹ lè máa yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú jíà kejì. Ẹni tó ń fò mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú tó sì ń tẹ bíréèkì kì í ṣáájú yín débì kan. Àwọn kan á já wọ àyè náà, òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já wọ̀ ọ́.

Ọlọ́kadà ń jẹ gbèsè kan náà. Ọ̀kadà fúyẹ́, èyí tó ń sọnù lórí ìdúró kan kò tó ti ọkọ̀, àmọ́ ọlọ́kadà ló ń yí ọwọ́ iná gbùrù kó tó tún fún bíréèkì láàárín mítà 50, àìmọye ìgbà lóòjọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ìwàkuwà bẹ́ẹ̀, ìyẹn eré àsápajúdé, ìfò-dìde àti bíréèkì òjijì, lè jẹ ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn tí epo lè gbé ọkọ̀ lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti ìdá 10 sí 40 nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Nínú ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ìdáhùn yìí, díẹ̀ ló súnmọ́ ìyẹn.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀, bíréèkì kọ́ lọ̀tá mọ́, atẹ́gùn ni. Ipá tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀ padà ní 120 km/h fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ju ti 90 lọ. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi fòfin dín eré kù sí máìlì 55, bíi 88 km/h, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, nígbà tí epo wọ́n gógó. Ọlọ́kadà tó jókòó nàró pẹ̀lú ẹ̀wù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ń gba atẹ́gùn yẹn sáyà. Ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ra àti eré 60 sí 70 ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Lórí ọkọ̀, ẹ tú irin ẹrù orí rẹ̀ kúrò bí ẹ kò bá kó nǹkan. Àpótí orí ọkọ̀ lè jẹ ìdá 6 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún lójú ọ̀nà márosẹ̀, bó ṣofo bó kún.

Jíà náà ní tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ alájíà ọwọ́ tó ń lo bẹntiróòlù, ẹ yí jíà sókè nígbà tí ìyípo bá wà láàárín 2,000 sí 2,500. Àmọ́ kí ẹ má ṣe tìtorí epo fi jíà kẹrin gun òkè ní eré 25. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n, ẹ ti ń ni í lára nìyẹn. Ẹ jábọ̀ sí jíà ìsàlẹ̀ kíá.

Ìdúró lójú kan

Ẹni tó bá fẹ́ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, epo tí yóò jó ti ju èyí tí yóò fi ta ọkọ̀ padà, bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníínjẹ́kítọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára dáadáa. Mi ò sọ pé kí ẹ máa pa á ní gbogbo iná pupa. Sítátà àti bátìrì náà ń gbó. Níbi tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ máa dúró tó ìṣẹ́jú kan sókè, tí ẹ kò sì sí láàárín ọkọ̀ tó ń rìn, ẹ pa á. Ìdúró ìṣẹ́jú 40 lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tàbí lórí ìlà ilé epo jẹ́ bí ìdajì lítà, bí éèsì bá sì wà níbẹ̀ ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Éèsì fúnra rẹ̀, lábẹ́ oòrùn gan-an, lè gé tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára ìrìn tí lítà kan ń gbé ọkọ̀ lọ, ní pàtàkì lórí ìrìn kúkúrú. Ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ kí ooru inú ọkọ̀ jáde kí ẹ tó tan éèsì. Láàárín ìlú, fèrèsé tó. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ti fèrèsé kí ẹ lo éèsì, torí fèrèsé tó ṣí ń fa atẹ́gùn mọ́ra.

Lítà méjì-mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan

Ríra díẹ̀díẹ̀ ń mú kí owó tó jáde lọ́wọ́ dà bí ẹni pé ó kéré, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni lítà ń jẹ́. Ohun tó ń yípadà ni iye ìgbà tí ẹ ń lọ sílé epo. Bí ilé epo bá yà kúrò lójú ọ̀nà yín pẹ̀lú kìlómítà 2, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 4. Ọkọ̀ tó ń rin 12.5 lórí lítà kan ti jó mílílítà 320 láti lọ ra lítà 3. Àwíjàre pé táńkì tó kún ń wúwo kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ púpọ̀: lítà 20 bẹntiróòlù wúwo tó bíi kg 15, bẹ́ẹ̀ ó gbà tó kg 45 àfikún kí ìyàtọ̀ tó tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún.

Pọ́ǹpù tó wà nínú táńkì ọkọ̀ oníínjẹ́kítọ̀ sì ń bẹ. Epo tó yí i ká ló ń tù ú. Bí epo bá ń wà nísàlẹ̀ táńkì nígbà gbogbo, á máa gbóná, á máa gbé afẹ́fẹ́ mì, ọjọ́ ikú rẹ̀ á sì yá. Ẹ má jẹ́ kó lọ sábẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ti ọ̀kadà oníkábúrétọ̀ kò fẹ́ irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, epo ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ẹ bá ń gbára lé epo ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́, omi àti ìdọ̀tí tó bá ti wọ táńkì ló máa kọ́kọ́ gba ẹnu rọ́bà wọ inú kábúrétọ̀.

Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn kó epo sílé o. Gáàsì tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Á rá pálá nílẹ̀ dé ibi tí iná wà ní yàrá kejì, a kò sì ní rí i. Bí ó bá di dandan láti rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún epo, ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ tó rọ ọ́, kí ó má ṣe wà nínú bùùtù, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè fún wíwú rẹ̀.

Jẹ́ẹ̀tì

Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé rárá. Jẹ́ẹ̀tì ni ihò tíntín tí epo ń gbà bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà. Kg kan bẹntiróòlù nílò bíi kg 14.7 afẹ́fẹ́ kó tó jó tán. Bí ihò bá kéré jù, epo á kéré sí afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn nìkan ń tù á gbóná ju bó ṣe yẹ, pàápàá bí ẹ bá ṣí ọwọ́ iná tán pẹ̀lú ẹrù lórí òkè. Ibẹ̀ ni orí písítìnì ti ń lu. Kó tó di ìyẹn pàápàá, ọ̀kadà á ti di aláìlágbára, ẹ óò máa ṣí ọwọ́ iná ju ti tẹ́lẹ̀ kó tó rin bó ṣe ń rìn, èrè jẹ́ẹ̀tì kékeré á sì gba ibẹ̀ lọ.

Pílọ́ọ̀gì ni kí ẹ bi. Ẹ gun ọ̀kadà bíi kìlómítà 10 lójú ọ̀nà tó já geere, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá dúró, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó tú u. Bí ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, kábúrétọ̀ yín dára, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá dúdú, tó sì gbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù. Funfun bí ẹfun, epo kò tó, ewu jẹ́ẹ̀tì kékeré ti wà níbẹ̀ láìyí i. Bí ó bá dúdú tó ń yọ̀, ọ́ìlì ló ń gòkè wá, ríǹgì tàbí síìlì fáàfù sì ni. Àlàfo ẹnu pílọ́ọ̀gì sábà máa ń jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm nínú àwọn kan, 0.8 sí 0.9 nínú àwọn mìíràn. Ìwé ọ̀kadà yín ló máa sọ.

Bó bá dúdú gbígbẹ, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì. Ṣóòkì, ìyẹn ohun tí a ń fà láti fi ta ẹ́ńjìnnì tó tutù, tí kò padà sípò dáadáa ló wọ́pọ̀ jù, ó sì tini lójú bí ó ṣe rọrùn tó láti gbàgbé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fílítà afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì tàbí omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì láì lọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ ra á, kí ẹ sì tẹ èyí tó pọ̀ jù jáde. Fílítà oníbébà ò ṣe é fọ̀. Bí rọ́bà ìṣàn tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ bá ń kán epo, abẹ́rẹ́ fúlóòtì ni kò tì dáadáa. Irú epo bẹ́ẹ̀ ń dà sílẹ̀ kódà nígbà tí ẹ bá páàkì. Sìkúrúù afẹ́fẹ́, bí ó bá wà lára tiyín, ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí á fi kan ìdí, ẹ yí i jáde ní ìyípo kan ààbọ̀ sí méjì, kí ẹ wá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí yára jù láìfún un níná, lẹ́yìn náà kí ẹ dín ìyípo kù sí iye tí ìwé sọ.

Kí ẹ tó kúrò nídìí ọ̀kadà, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè nínú níútírà, ẹ fọwọ́ yí i. Bí ó bá dúró lójijì, bíréèkì ń fà á tàbí ṣéènì le jù. Ṣéènì yẹ kó máa mì sókè sódò tó 20 sí 30 mm láàárín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọ̀kadà kò sáré tó igbe rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, epo sì ń jó lásán.

Lórí ọkọ̀ ìyàwó yín, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò kíákíá: ṣé tẹmositáàtì, ìyẹn fáàfù tó ń ṣàkóso omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì, ṣì wà níbẹ̀? Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ ọ́ sọnù nítorí ẹ̀rù gbígbóná. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i kì í tètè dé 85 sí 90°C. Kọ̀ǹpútà á máa rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo àfikún sí i. Bí ọkọ̀ bá rin ìṣẹ́jú 15 tí abẹ́rẹ́ ooru kò dé àárín, ẹ fura. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, èyí tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín fún kọ̀ǹpútà, náà burú bó bá ti kú: títún un ṣe ti mú kí lítà kan gbé ọkọ̀ rìn jìnnà sí i pẹ̀lú tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó burú jáì. Iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní ti fílítà afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀kadà yín. Nínú ọkọ̀ oníínjẹ́kítọ̀, fílítà tó dọ̀tí ń gba agbára ọkọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ fi epo kún un.

Táyà kò ní gba púpọ̀ là lẹ́ẹ̀kan. Psi kan (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) tó bá dín kù nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn tí epo ń gbé ọkọ̀ lọ, 8 psi jẹ́ ìdá 1.6. Àmọ́ ó ń jẹ táyà fúnra rẹ̀, táyà sì wọ́n ju epo. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ má fún un ju iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn lọ nítorí epo, torí ojú ọ̀nà tí táyà ń dì mú á kéré, pàápàá bí òjò bá rọ̀.

Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú táńkì àti mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dè mọ́ rọ́bà epo, ẹ fi owó wọn ra fílítà. Epo olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ti lu kẹrosíìnì mọ́ máa ń fi èéfín, ìró agolo yẹn àti pílọ́ọ̀gì dúdú han ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà jẹun, torí irú wọn náà máa ka èyí. Ìrìn òfo ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ọlọ́kadà tó rin kìlómítà 120 lóòjọ́, tí 45 nínú rẹ̀ kò ní èrò lẹ́yìn, ti jó lítà kan gbáko láti wá èrò kiri. Dídúró sí ibi tí èrò ń gbà jáde, kí ẹ́ńjìnnì sì kú, dára ju yíyí ká lọ. Ohun tí àwọn kan ń ṣe dípò ìyẹn ni kíkó èrò mẹ́ta, fífi wákàtí mẹ́rin kún iṣẹ́, àti sísún ọjọ́ ọ́ìlì síwájú. Ọ̀kadà kékeré kò gbà ju bí lítà kan ọ́ìlì lọ. Èyí tí kò bá yí i padà lásìkò, ríǹgì rẹ̀ á jẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo àti ọ́ìlì pọ̀. Ẹni tí oorun ń kùn kì í wo iwájú tó mítà 140, bíréèkì òjijì ni tirẹ̀.

Ṣé kí ẹ ta ọkọ̀? Ẹ ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́, ọkọ̀ tó ń rin 12.5 á jó lítà 2.4, ọ̀kadà tó ń rin 45 á jó bíi 0.67. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ 22, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ bíi lítà 38 lóṣù. Bí ìyàwó yín nìkan bá ń wà á lọ wà á bọ̀, ìyẹn pọ̀. Àmọ́ bí ó bá ń gbé ọmọ méjì lọ síléèwé lójú ọ̀nà kan náà, lítà 2.4 pín sí mẹ́ta jẹ́ 0.8 fún ẹnì kan, kò jìnnà sí ti ọ̀kadà, orí wọn sì bò lọ́wọ́ òjò àti oòrùn. Ẹ fi ìwọ̀n yín gan-an rọ́pò tèmi lẹ́yìn ìrọkún mẹ́ta yẹn. Bí ọ̀nà iṣẹ́ yín méjèèjì bá pàdé níbì kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kadà ni ẹ máa fi sílé lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ pọ̀.